Eyín Abàmì: Àyẹ̀wò Ìbárẹ́ àti Ìwúlò nínú Fíìmù Rudolph the Red-Nosed Reindeer (1964)

1. Ìfáàrà

Nínú àwọn fíìmù tí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà máa ń gbé jáde fún àwọn ọmọdé ní àkókò ọdún Kérésìmesì, ó wọ́pọ̀ kí á rí abàmì ẹ̀dá kan tí ìrísí rẹ̀ ń dẹ́rù bani ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ti di ọ̀rẹ́ gbogbo ènìyàn kí ìtàn tó parí. Àwọn òbí fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ń lé ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ọmọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó bá ọdún tí a ń fi kéde àlàáfíà mu. Ìbéèrè kan wà, ṣùgbọ́n, tí a kì í sábà bi irú ìtàn bẹ́ẹ̀: kí ni abàmì náà pàdánù kí á tó pè é lọ́rẹ̀ẹ́?

Fíìmù kan ni iṣẹ́ yìí gbé ìbéèrè náà kò lójú, èyíinì ni Rudolph the Red-Nosed Reindeer, tí a kọ́kọ́ fi hàn ní 1964. Èrò tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ohùn méjì ni fíìmù náà ní lórí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́. Ohun tí ó fi ẹnu sọ ni pé kò dára kí á ta irú ẹni bẹ́ẹ̀ nù. Ohun tí àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ ń fi hàn ni pé a kì í gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ra títí di ìgbà tí a bá rí ohun tí a lè fi í ṣe. Lára abàmì ilẹ̀ yìnyín tí ó wà nínú fíìmù náà ni ìyàtọ̀ ohùn méjèèjì yìí ti hàn jù. A ó sì tún rí i pé kì í ṣe onílámèyítọ́ ni ó kọ́kọ́ fura sí i, bí kò ṣe àwọn òǹwòran.

2. Orísun Fíìmù Náà

Ìtàn Rudolph kò bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní 1939 ni Robert L. May, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìpolówó ọjà fún ilé-ìtajà ńlá Montgomery Ward ní ìlú Chicago, kọ ìtàn àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín kan tí imú rẹ̀ pupa tí ó sì ń tàn bí àtùpà. Ilé-ìtajà náà tẹ ìtàn yìí ní ìwé pẹlẹbẹ, ó sì pín ẹ̀dà tí ó lé ní 2,000,000 lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ní ọdún náà. Ní 1949, Johnny Marks, tí ó jẹ́ àna May, sọ ìtàn náà di orin, Gene Autry sì kọ ọ́ sínú àwo. Nígbà tí Arthur Rankin Jr. àti Jules Bass fẹ́ sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n, Romeo Muller ni ó kọ eré náà. Ilé-iṣẹ́ NBC fi í hàn ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, 1964, General Electric ni ó sì ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí á mú dání nínú ìtàn orísun yìí. Èkíní ni pé ìtàn náà ti so mọ́ ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹ̀bùn tí a fi ń fa oníbàárà ni. Kì í ṣe ẹ̀bi ìtàn ni èyí, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà ni ó ti ipasẹ̀ ọjà wá sáyé. Èkejì ni pé kò sí abàmì kankan nínú ìwé May, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú orin Marks. Muller ni ó dá a, gẹ́gẹ́ bí ó ti dá àwọn ohun ìṣeré aláléébù àti òṣìṣẹ́ kékeré tí ó fẹ́ di oníṣègùn eyín. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí fíìmù náà gan-an rò, yàtọ̀ sí ohun tí ó jogún, ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọ̀nyí ni ó yẹ kí á yà sí.

Ẹ̀kẹta jẹ mọ́ ọgbọ́n tí a fi ṣe é. Ọmọlangidi ni gbogbo ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀, ilẹ̀ Japan ni a sì ti ya wọ́n lábẹ́ àbójútó Tadahito Mochinaga. A ó ya fọ́tò ọmọlangidi kan, a ó sún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, a ó tún ya òmíràn, títí tí àwọn fọ́tò náà yóò fi máa sáré tẹ̀lé ara wọn bí ẹni pé ọmọlangidi ń rìn. Abàmì tí ń bú ramúramù àti ohun ìṣeré tí a kọ̀ sílẹ̀ kò yàtọ̀ síra nípa bí a ṣe mọ wọ́n. Ohun ìṣeré ni àwọn méjèèjì. Ojú wa ni ó ń sọ ọ̀kan di ẹ̀rù tí ó sì ń sọ èkejì di àánú.

3. Àhunpọ̀ Ìtàn

Sam, ọkùnrin tí a fi yìnyín mọ, tí Burl Ives sì ya ohùn fún, ni asọ̀tàn. Ó sọ bí a ṣe bí Rudolph pẹ̀lú imú tí ń tàn, bí Donner bàbá rẹ̀ ṣe fi ohun dúdú bo imú náà kí ayé má baà mọ̀, àti bí àṣírí ṣe tú níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fò. Olùkọ́ wọn lé e kúrò nínú eré, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Kérésìmesì fúnra rẹ̀ kò gbè é. Ní àkókò kan náà, Hermey, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ kékeré tí ń ṣe ohun ìṣeré, kọ̀ láti máa ṣe iṣẹ́ tí a bí i sí, ó ní oníṣègùn eyín ni òun fẹ́ dà. Òun àti Rudolph jùmọ̀ sá kúrò nílé. Wọ́n pàdé Yukon Cornelius tí ń wá fàdákà àti wúrà kiri, abàmì lé wọn, wọ́n sì bọ́ sí erékùṣù kan tí àwọn ohun ìṣeré aláléébù ń gbé lábẹ́ ìjọba kìnnìún abìyẹ́ kan.

Rudolph fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóru kí ìmọ́lẹ̀ imú rẹ̀ má baà fà wọ́n lé abàmì lọ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà tí ó sì padà sílé, ó gbọ́ pé àwọn òbí rẹ̀ àti Clarice tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ti jáde lọ wá a. Inú ihò abàmì ni ó ti rí wọn. Ó jà, ó sì ṣubú. Hermey àti Cornelius ni ó gbà wọ́n là: wọ́n tan abàmì jáde, wọ́n mú kí ó dákú, Hermey sì yọ gbogbo eyín rẹ̀. Cornelius àti abàmì jábọ́ sí ọ̀gbun, gbogbo ènìyàn sì rò pé wọ́n ti kú. Lẹ́yìn tí àwọn yòókù padà délé ni Cornelius yọ pẹ̀lú abàmì tí ó ti di ẹni pẹ̀lẹ́, tí ó sì ń wá iṣẹ́. A ní kí ó gbé ìràwọ̀ sórí igi Kérésìmesì. Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Kérésìmesì rí i pé imú Rudolph ni ó lè tànmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà òun nínú ìjì yìnyín.

4. Abàmì Tí Kò Ní Ohùn

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á kíyè sí nípa abàmì yìí ni pé kò sọ̀rọ̀. Àgbọ̀nrín ń sọ̀rọ̀, kìnnìún ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí a fi yìnyín mọ ń kọrin. Ọkọ̀ rélùwéè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní igun mẹ́rin àti ìbọn omi tí jẹ́lì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ń gbé láàárín àwọn tí ń kọrin ìbànújẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n bíbú ni abàmì ń bú. Asọ̀tàn ni ó sọ fún wa pé ìkà ni, àti pé ó kórìíra gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ Kérésìmesì. Kò sọ ìdí. Nígbà tí ó yí padà, Cornelius ni ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó ti yí padà, Cornelius kan náà ni ó sì sọ pé iṣẹ́ ni ó ń wá. Ẹni tí a kò gbọ́ ẹ̀sùn lẹ́nu rẹ̀ kò rí ààyè sọ ìrònúpìwàdà rẹ̀ náà.

Àìní ohùn yìí ni ó ya abàmì sọ́tọ̀ láàárín gbogbo àwọn tí a ta nù. A mọ ohun tí Rudolph ń fẹ́, a sì mọ ohun tí Hermey ń fẹ́. Bí a bá gbà wọ́n padà, ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni a fún wọn, ó kéré tán ní ìdajì. Ti abàmì kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ bóyá ohun tí ó rí gbà ni ohun tí ó fẹ́.

5. Yíyọ Eyín

Ó yẹ kí á ṣe òdodo sí fíìmù náà níbí yìí. Abàmì kì í ṣe ẹni tí a kàn fi ìrísí rẹ̀ dá lẹ́bi bí i ti Rudolph. Ó fẹ́ pa ènìyàn jẹ. Clarice wà lọ́wọ́ rẹ̀, ikú sì sún mọ́ ọn. Onílámèyítọ́ tí ó bá sọ pé kò yẹ kí á gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbàgbé àwọn tí ó wà nínú ihò. Bákan náà, ọgbọ́n wà nínú ẹni tí Muller yàn láti ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ tí a fi Hermey ṣe yẹ̀yẹ́ nílé gan-an ni ó fi gba àwọn ará ilé là. Kò pa abàmì, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ohun ìjà kankan gún un. Ìwọ̀nyí jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ìtàn akọni kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn ṣe.

Nítorí náà, kì í ṣe yíyọ eyín ni ó fa àríyànjiyàn, bí kò ṣe orúkọ tí fíìmù náà fún un lẹ́yìn náà. Ìgbàlà ni yíyọ eyín jẹ́ fún àwọn tí ó wà nínú ihò. Ìṣẹ́gun ni ó jẹ́ lórí abàmì. Ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, fíìmù náà mú ẹni tí a ṣẹ́gun wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rẹ́. Gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́gun àti ìbárẹ́, ìsàlẹ̀ ọ̀gbun ni ó ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ojú òǹwòran kò dé. Ẹni tí kò ní eyín mọ́ kò lè bu ni jẹ. Èyí kò fi hàn pé kò fẹ́ bu ni jẹ mọ́. Ìwà pẹ̀lẹ́ tí ó ti ọkàn wá àti ìwà pẹ̀lẹ́ tí ó ti inú àìlágbára wá jọra lójú, ṣùgbọ́n ọmọ tí ń wo fíìmù yẹ fún ẹni tí yóò fi ìyàtọ̀ wọn hàn án.

Bí a bá fi fíìmù mìíràn tí ó jáde ní ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ wé e, ọ̀rọ̀ náà yóò yéni sí i. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, 1966, CBS fi How the Grinch Stole Christmas! hàn, èyí tí Chuck Jones ṣe láti inú ìwé tí Dr. Seuss kọ ní 1957. Abàmì ni Grinch náà, ó sì kórìíra Kérésìmesì. Ó kó gbogbo ẹrù ọdún àwọn ará ìlú lọ lóru, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbọ́ tí wọ́n ń kọrin láìní ohunkóhun lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni ọkàn rẹ̀ tí ó ti kéré jù wú sí i ní ìlọ́po mẹ́ta. Ó dá ẹrù padà, ó sì jókòó tì wọ́n nídìí oúnjẹ. Kókó tí ó ṣe pàtàkì ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó gé ẹran àsè. Kò sí ẹni tí ó yọ eyín Grinch. Ọ̀bẹ ni a fi lé e lọ́wọ́. Níhìn-ín, a rí abàmì tí agbára àtiṣe ibi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kíkún, tí a sì fọkàn tán an. Bẹ́ẹ̀ ni ayọ̀ àwọn ará ìlú kò dúró de ohun tí yóò ṣe fún wọn. Wọ́n ti ń kọrin kí ó tó padà dé.

6. Ìwúlò Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Àwọn kan lè sọ pé fíìmù Rudolph ní ìdáhùn sí àríwísí yìí, ìdáhùn náà kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n lè sọ pé ohun tí ń pani lára nìkan ni a mú kúrò lára abàmì, a kò fọwọ́ kan ohun tí ó kàn yàtọ̀. Eyín lọ, ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ wà síbẹ̀, gíga náà ni ó sì fi gbé ìràwọ̀ sórí igi láìgun àkàbà. Ohun tí ó ti ń dẹ́rù bani di ohun ìdùnnú. Òwe Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé a ti ibí pa á: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe náà wò dáadáa, a ó rí ohun tí ó sọnù nínú fíìmù. Ọ̀nà méjì ni òwe náà ní. Ọmọdé nílò àgbà, àgbà náà nílò ọmọdé, ẹnì kan kò sì dúró níta kí ó máa dúró de àṣẹ ẹnìkejì kí ó tó wọlé. Nínú fíìmù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wà. Ẹgbẹ́ ni ó ní ilé, ẹgbẹ́ ni ó ní ilẹ̀kùn, ẹni tí ó yàtọ̀ ni ó sì ní láti mú nǹkan dání kí á tó ṣí i fún un. Eyín abàmì ni Hermey fi gba àyè rẹ̀. Ìjì ni Rudolph fi gba tirẹ̀. Ìràwọ̀ ni abàmì fi gba tirẹ̀. Ó tọ́ kí á sọ pé àwọn ará ilé ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rudolph kí Bàbá Kérésìmesì tó rí ìwúlò imú rẹ̀, Donner pàápàá sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Rudolph ti wọ ihò abàmì nítorí wọn ni àforíjì náà wáyé, a kò sì fi í ṣe aṣáájú nínú ẹgbẹ́ títí ìjì fi dí ọ̀nà Bàbá Kérésìmesì. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere ní alẹ́ ọjọ́ náà? Fíìmù náà kò dáhùn, nítorí pé àhunpọ̀ rẹ̀ kò lè dáhùn.

7. Ohùn Àwọn Òǹwòran

Ní 1964, àwọn kan wà tí kò ní ohun tí wọn yóò fi ra àyè. Àwọn ohun ìṣeré inú erékùṣù kò lè tànmọ́lẹ̀, wọn kò lè yọ eyín, wọn kò sì ga. Bàbá Kérésìmesì ṣèlérí pé òun yóò wá ilé fún wọn, Rudolph sì gbé ọ̀rọ̀ wọn débẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́kọ́ fi í hàn, a kò rí i kí ó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìtàn parí, wọ́n sì wà níbẹ̀.

Èyí bá òṣùwọ̀n ìwúlò tí a ti sọ mu pátápátá, ó sì dájú pé àwọn tí ó ṣe fíìmù náà kò pète rẹ̀. Àwọn òǹwòran ni ó rí i. Wọ́n kọ lẹ́tà ẹ̀hónú pé a ti gbàgbé àwọn ohun ìṣeré náà. Nígbà tí a óò tún fi fíìmù náà hàn ní 1965, a ti ya ìran tuntun sí i, nínú èyí tí Rudolph ṣáájú Bàbá Kérésìmesì lọ sí erékùṣù náà láti kó wọn. Ìran yìí ni ó yàtọ̀ jù lọ nínú gbogbo fíìmù náà, nítorí pé nínú rẹ̀ nìkan ni a ti gba ẹni tí kò tíì ṣe ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. A kò tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ rélùwéè ṣe kí á tó gbé e. A kò fọ jẹ́lì kúrò nínú ìbọn omi. Bí wọ́n ṣe wà ni a kó wọn.

Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ lámèyítọ́ fi ojú pàtàkì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí. A sábà máa ń ka òǹwòran fíìmù ọmọdé sí ẹni tí a ń bu ẹ̀kọ́ fún. Níhìn-ín, wọ́n gba ohun tí fíìmù fi ẹnu sọ gbọ́ ju bí fíìmù fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́ lọ, wọ́n sì béèrè pé kí ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ.

8. Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé abàmì inú Rudolph the Red-Nosed Reindeer kò di ọ̀rẹ́ ní ọ̀nà kan náà tí fíìmù náà ń gbà sọ pé ó dì í. A gba eyín rẹ̀, a sọ̀rọ̀ fún un, a sì fún un níṣẹ́. Kò sí èyí tí ó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí a bá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó jẹ́ ìbárẹ́. Ìbárẹ́ gan-an kò wọ inú fíìmù náà títí di 1965, ọ̀dọ̀ àwọn ohun ìṣeré ni ó sì gbà wọlé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ abàmì.

Fíìmù náà kò kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà náà. CBS ń fi í hàn lọ́dọọdún láti 1972 títí di 2023, ó sì padà sí NBC ní 2024. Ohun kékeré kan wà ní ìparí rẹ̀ tí ó yẹ kí á fi kádìí. Bí orúkọ àwọn tí ó ṣe fíìmù ti ń kọjá lójú gọ̀ǹgọ̀, òṣìṣẹ́ kékeré kan ń fún àwọn ohun ìṣeré náà ní agbòòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi balẹ̀ láti òkè. Nígbà tí ó kan ẹyẹ, kò fún un ní agbòòrùn; ó jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ó rò pé ẹyẹ kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àléébù tí ó gbé ẹyẹ yìí dé erékùṣù ni pé kò lè fò, omi ni ó ń lúwẹ̀ẹ́. A ti kó o wá sílé pẹ̀lú àwọn yòókù, síbẹ̀ a kò tíì béèrè ẹni tí ó jẹ́.